Ọpọlọ Mi Tó Wà Nínú Gíláàsì ní Ìbàdàn

Ilé Jagun,
Ìràwọ̀, ọ̀nà Ṣakí.

Sodiqat, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé. Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá àga jókòó. Bí ó bá sì bá ọ lórí ìjókòó, rọra fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kánjú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún ka ìwé ara wa, kò ní jẹ́ kí èmi fi ka tìrẹ, kò ní jẹ́ kí ìwọ fi ka tèmi. Gbogbo ilé ló le koko bí a bá yọ ọwọ́ òsì mi kúrò nínú ìkíni. Ìyá rẹ Àwáwù ní kí n kí ọ, ó ní òun ti dárí ìkòkò irin tí o gbé lọ jì ọ́, ṣùgbọ́n kí o gbé e bọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ti kọ ebè ń dúpẹ́, àwọn tí òrùlé wọn ń jò ń kígbe, àwa wà láàárín méjèèjì. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, kò sì tíì tura tán tó fi lọ jẹ aṣọ iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Beauty tó sá sórí okùn lẹ́yìn ilé ìwòsàn. A ti bẹ̀ ẹ́, ó ti gbà.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi kò pè mí bí àwọn bàbá yòókù ṣe ń pe ọmọ. Fóònù tí o rà fún mi ti bàjẹ́ ni. Kò gbọ́ ohùn mi mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ìwọ náà ń pariwo pé Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ gbogbo agbára mi ni mo fi ń sọ ọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Wàhábì tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó fi abẹ́rẹ́ tu ihò etí rẹ̀, ó wá fi pe ìyàwó tirẹ̀. Ìyàwó náà gbọ́ ọ ketekete, ó tilẹ̀ bú u. Wàhábì ní kò sí ohun tó ṣe fóònù. Mo ní a jẹ́ pé ojúsàájú ló ń ṣe. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé àrùn fóònù yìí ti ran ìyá rẹ, nítorí òun tí a jọ ń jókòó sórí ẹní kan náà ti ń bi mí pé kí ni mo ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí, èmi sì rò pé mo ń pariwo ni.

Má sì wo bí lẹ́tà inú ìwé yìí ṣe ń kéré sí i bó ṣe ń lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìlà, á tóbi bí ẹ̀wà, kí n tó dé etí ìwé, á ti kéré bí ọkà bàbà. Mo ti pààrọ̀ bíró, mo ti pààrọ̀ ìwé, mo gbé tábìlì lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kò yí padà. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ níjọ́sí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi yangàn dé Ìsẹ́yìn! Bíró ayé ìsinsìnyí kò dára.

Ọ̀rọ̀ tó jókòó sí mi láyà ni n ó sọ báyìí. Nígbà tí o wálé ní Iléyá tó kọjá, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ dókítà yẹn, Olúwadámilọ́lá, ẹ yẹ̀ mí wò. Ẹ ní kí n máa fi ìka gbá ìka, kí n dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kí n rìn lọ kí n rìn bọ̀ bí àgbò tí wọ́n fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà ẹ wo ojú ara yín, ẹ ní orúkọ àìsàn tó wà lọ́wọ́ mi ni Pákínsìn. Mo ní orúkọ òyìnbó nìyẹn, kí ẹ dá a padà fún òyìnbó tó ni ín. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹnu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí, nítorí mo rí i pé ojú rẹ kò bá ẹnu rẹ rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá tọrọ awọ díẹ̀ lápá mi, ó kéré bí ojú ẹ̀wà, ẹ ti fún mi lábẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kó dùn mí. O mọ̀ pé nínú ilé wa a kì í ju ara ẹni sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí a bá gé èékánná, a ó rì í mọ́lẹ̀, bí a bá fá irun orí, bẹ́ẹ̀ náà ni, ìwọ́ tìrẹ wà ní ìdí kajú ẹ̀yìnkùlé títí dòní. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló tọrọ, mo sì rò pé ẹ ó wò ó tán, ẹ ó rì í síbì kan ni. Ẹ fi í sínú ìgò kékeré kan, ẹ gbé ìgò sínú kúlà oníyìnyín bí àwọn tó ń ta ẹja, ẹ wọ mọ́tò, ẹ lọ sí láàbù tí ẹ ti ń ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn. Ìyá rẹ dúró lójú ọ̀nà títí eruku fi rọlẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá kí òun kí yín pé ó dàbọ̀ ni tàbí kí òun kí èyí tó wà nínú kúlà.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń mú ni o pè. Ohùn rẹ ń jó. O ní Bàbá, awọ yín ti di ọpọlọ. Mo ní kí o tún un sọ. O ní ẹ bẹ awọ náà títí ó fi padà di ọmọ-ọwọ́ tí kò tíì mọ ohun tí òun yóò dà, lẹ́yìn náà ni ẹ wá ń kọ́ ọ níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di irú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú ọpọlọ, èyí tó ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́. O ní irú wọn ló ń kú nínú orí mi tí ọwọ́ mi kò fi gbọ́ iṣẹ́ mọ́. O ní ẹ kò lè la orí mi láti wò ó, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbin irú wọn sínú àwo gíláàsì pẹlẹbẹ, kí ẹ lè máa wo bí wọ́n ṣe ń kú. Sodiqat, kí ẹ lè máa wo bí wọ́n ṣe ń kú. Gbogbo ohun tí o sọ lẹ́yìn ìyẹn, etí mi kò gbà á.

Mo jókòó sórí àpótí, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Mo ń rò ó pé bí ọpọlọ mi bá wà ní Ìbàdàn, kí ló ṣẹ́kù sínú orí tí mo ń dé ní fìlà yìí? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wá àdá tì, bí mo bá pe ọmọ kan ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ti mọ̀ pé èyí tó mọ̀ ọ́n ti lọ sí Ìbàdàn nìyẹn. Mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń jẹ. O ní omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, pé ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé. Omi! Àkànmú bíi tèmi ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ẹyẹlé. Mo bi ọ́ pé níbo ni wọ́n ń sùn. O ní inú kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ń móoru bí ara ènìyàn. Mo ní kí ló ń mú un móoru. O ní iná mànàmáná. Ha! Iná mànàmáná ilẹ̀ yìí ni o gbé ọpọlọ bàbá rẹ lé lọ́wọ́? O ní ẹ ní jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti mú iná lọ ní Ìràwọ̀ báyìí, mo máa ń pe ìyá rẹ pé kó gbé kúbùsù wá kíá, òtútù ti fẹ́ mú mi ní Ìbàdàn. Ìyá rẹ á ní oòrùn ń ta lójú ọ̀run. N ó sì daṣọ bora síbẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn tí o tún pè, o ṣàlàyé ohun tó ń pa wọ́n. O ní nǹkan kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó yẹ kó máa ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n nínú tèmi ó ń ká jọ, ó ń dì, á sì tún kó dídì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn yé mi dáadáa. Kókó ni, bí irú èyí tó máa ń wà nínú ọkà tí wọn kò rò kúnná. Mo wá sọ fún ìyá rẹ pé bóyá ìdí tí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n nìyẹn, pé ara mi fúnra rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti ro kókó yẹn kúnná, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá oògùn tó máa dá gbígbọ̀n náà dúró. Inú mi ti dùn sí ọgbọ́n tí mo gbọ́n yìí. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí òun ti ń rokà, kókó tó bá ti jinná mọ́ ọkà kì í kúnná mọ́. Mo ti àwo oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo lọ bá Àfáà Mojeed. Ojú ń tì mí, mo bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ti ẹlòmíràn. Mo ní ọkùnrin kan wà ní Òkàkà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbé inú gíláàsì ní Ìbàdàn, ṣé dandan ni kí ọpọlọ náà máa kírun, ta ni yóò sì máa bá a ṣe àlùwàlá. Àfáà wò mí títí. Wọ́n ní ohun tí kò ní ẹnu kò jẹ gbèsè ìrun, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin Òkàkà yẹn lọ sinmi, kí ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orúnkún kó yé gbọ̀n. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni.

Gbogbo èyí, mo fara dà á. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni ọ̀rọ̀ oògùn koríko. O rántí ọjọ́ tí o ní kí n ka orúkọ tó wà lára gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà tí mo fi ń fín oko fún ọ, mo sì kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé o fẹ́ rà á ránṣẹ́ sí mi ni, mo ti ń ṣàdúrà fún ọ lábẹ́lẹ̀. O wá ní ẹ fẹ́ kán irú rẹ̀ sí àwọn kan nínú àwọn tó wà nínú gíláàsì. O ní díẹ̀ ni, kò tó omijé. O ní àwọn onímọ̀ ti ń fura sí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, pé àwọn àgbẹ̀ tó ní àìsàn yìí káàkiri ayé pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ rí ohun tó ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì gan-an kí ẹ tó sọ̀rọ̀. O tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan tẹ̀ lé e, o ń pè mí léraléra pé Bàbá, Bàbá, ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀wọ́. Mi ò gbọ́ ibi tó parí sí. Fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti wà nílẹ̀.

Oògùn tó ń pa èèsún! Oògùn tó ń pa spíà gràásì tí ọkọ́ kò lè fà tu! Òun ni ọmọ tí mo bí fẹ́ kán sí ọpọlọ mi. Ẹ̀rù bà mí, Sodiqat, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọwọ́ mi bá ti bẹ̀rẹ̀, n ó ní wọ́n ti kán an. Bí mo bá ń mu ẹ̀kọ tí ife ń lu eyín mi, n ó ní wọ́n ti kán an. Mo máa ń jókòó lé ọwọ́ náà lórí kí àwọn ènìyàn má baà rí i, nígbà tó yá ó ń mì mí látìsàlẹ̀ bí ẹni tó gun kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́. Ìgbà kan wà tí mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tí mo ń rò pé ìwọ ni o ń bọ̀ láti wá sọ fún ìyá rẹ pé ó ti tán.

Mo bá pinnu pé n ó wá kó wọn. Ládòkun ọ̀rẹ́ mi, ará Ìjìó tó ń kó àgbàdo kọjá ibodè, ní òun yóò sìn mí dé gáréèjì Ṣakí. Mo mú kúlà kékeré, mo mú aṣọ òkè ìgbéyàwó mi tí n ó fi wé wọn kí òtútù má baà mú wọn lọ́nà. Mo rò pé n ó kó wọn wá sílé, kí wọ́n máa gbé ìdí àdògán pẹ̀lú wa. A dé gáréèjì, ọkọ̀ Ìbàdàn ti kù díẹ̀ kó kún, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí níwájú mi. Mo ní kí n gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Sodiqat, ẹsẹ̀ tèmi! Ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó wọ ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni. Mo ń rán an níṣẹ́, kò jẹ́ iṣẹ́. Dírẹ́bà ń fọn fèrè, àwọn èrò ń bínú, ìyá kan tó ń ta gúgúrú ní bóyá ẹni tó jẹ mí lówó ló wà nínú ọkọ̀. Òógùn bò mí. Mo sọ nínú mi pé wọ́n ti dà á, wọn kò tilẹ̀ kán an mọ́, wọ́n dà á. Ládòkun fẹ́ gbá mi mú, ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dábùú iwájú mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kí n má baà tẹ ọ̀pá ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ sì gbé! Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ. A padà wálé. Ládòkun ń gbé ọ̀pá náà dábùú ọ̀nà fún mi níbi tí ẹsẹ̀ bá ti tún lẹ̀, àwọn ènìyàn ń wò wá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń sunkún, a ń díbọ́n pé à ń ṣeré.

Nígbà tí mo ti rí i pé ikú mi wà ní Ìbàdàn, tí n kò sì lè dé Ìbàdàn, mo ní kí n tètè parí iṣẹ́ oko, kí ìyá rẹ lè rí nǹkan jẹ bí mi ò bá sí. Òjò àkọ́rọ̀ ti jí gbogbo koríko. Mo gbé pọ́ǹpù ìfínko pọ̀n. Ó ń jò nídìí, ó ti pẹ́ tó ti ń jò, ó máa ń ṣàn sí mi lẹ́yìn wọ ìdí ṣòkòtò, ṣùgbọ́n mo ti fi àkísà dí i. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ dí, mo fi ẹnu mi fẹ́ ẹ bí mo ṣe máa ń ṣe. Igi tí mo fi ń ro kẹ́míkà pọ̀ mọ́ omi ti sọnù, mo fi ọwọ́ rò ó. Ọpẹ́ ni pé Ọlọ́run ti gba òórùn rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó ń fín oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sín, wọ́n ń di imú, èmi kò gbọ́ òórùn kankan. Kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni imú mi ti sinmi. Ìyá rẹ jó irú mọ́ iná nígbà kan, gbogbo agboolé sá jáde, èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń bi wọ́n pé ta ló ń lé wọn. Mo máa ń sọ pé ó ti mọ́ mi lára ni.

Ọjọ́ kejì tí mo fín oko tán ni o pè. Ohùn rẹ kò jó. O ní àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì mi ti kú. Mo ní ẹ ti kán an nìyẹn. O búra fún mi, o ní ẹ kò tíì ṣí ìgò oògùn náà rárá, pé inú àwo tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí ni wọ́n kú sí, pé ẹ kò mọ ohun tó fà á, bóyá ìdọ̀tí ló wọ̀ ọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láàbù, ẹ ó gbin òmíràn. O ní kí n má dààmú. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó pa wọ́n. Èmi ni.

Rò ó wò. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń bẹ̀rù pé ohun tí ẹ bá ṣe sí wọn yóò dé ara mi. N kò rántí pé ọ̀nà tó wá láti Ìbàdàn sí Ìràwọ̀ náà ló lọ láti Ìràwọ̀ sí Ìbàdàn. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ̀yin kò kán nǹkan kan sí wọn, èmi ni mo dà á sí ẹ̀yìn ara mi nínú oko, tó ṣàn lọ bá wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n ti ń mu omi pupa wọn jẹ́jẹ́. Mo ti ń ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ láìmọ̀, ọmọ mi. Jọ̀wọ́, bí ọ̀gá yín bá ń bínú sí ọ, sọ fún un pé ẹjọ́ bàbá rẹ ni.

Mo lọ bá ìyá rẹ níbi tó ti ń fọ ẹ̀wù oko mi, mo ro ẹjọ́ náà fún un. Ó gbé ẹ̀wù sílẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, mo rí i pé awọ orí ìka rẹ̀ ti bó, n kò sì tíì rí i tẹ́lẹ̀. Ó ní Bàbá Sodiqat, ọmọ yín fẹ́ kán ẹ̀kán kan sí ohun tí ojú lásán kò lè rí, ẹ ní ó fẹ́ pa yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn odidi pọ́ǹpù rẹ̀ sẹ́yìn lọ́dọọdún, ta ni ẹ fẹ́ kí a mú? Mo ní ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, pé mo ń pa àwọn tó wà ní Ìbàdàn. Ó ní kì í ṣe ti Ìbàdàn ni òun ń sọ. Ó ń wò mí bí ẹni tí ọkọ̀ ń gbé lọ. Ó bú sẹ́kún. Mo ní kí n rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ tí mo gbé lé e léjìká ń gbọ̀n, ó bá tún ń sunkún sí i.

Mo ti so pọ́ǹpù ìfínko náà rọ̀ sórí kajú ẹ̀yìnkùlé. Gálọ́ọ̀nù tó kù, mo gbé e fún Nọ́ọ̀sì Beauty kó bá mi tọ́jú rẹ̀, ó gbà á tayọ̀tayọ̀, ó ní ó ti yẹ kí n ti gbé e wá látọjọ́ yìí, kò sì sọ ìdí rẹ̀. N kò ní gbé e pọ̀n mọ́ láé. Kì í ṣe nítorí tèmi, èmi ti dàgbà, nítorí àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ ni, kí o lè rí ohun tí o ń wá. Ṣùgbọ́n koríko kò mọ̀ pé mo ti ronú pìwà dà, ó ń yọ. Ọkọ́ sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ òsì mi bí ẹja. Nítorí náà, bí Ọlọ́run bá fi nǹkan sí ọ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi gba àwọn alágbàṣe tó ń gba Ìjìó wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n mọ ọkọ́ lò. Kí o tún fi díẹ̀ lé e fún ìbọ̀wọ́ tí ìyá rẹ yóò máa fi fọṣọ, àti fóònù mìíràn, èyí tó máa ń gbọ́ ohùn àgbàlagbà. Bí ó bá sì ṣẹ́kù, má fi ránṣẹ́ sílé, fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ yẹn.

Dírẹ́bà tó mú ìwé yìí wá ní ẹrù kan lọ́wọ́. Èlùbọ́ wà nínú rẹ̀, iṣu wa ni, tiwa gan-an, ro ó kúnná kí o tó fún wọn. Nínú ìdì ọ̀rá kékeré tó wà láàárín èlùbọ́, wàá rí ìdajì oògùn oníhóró tí ọ̀rẹ́ rẹ dókítà kọ fún mi nítorí ọwọ́ yìí. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń dá gbogbo rẹ̀ sí méjì, mo ń lo ìdajì, mo ń fi ìdajì pamọ́ dè wọ́n, nítorí ohun tí èmi bá ń lò ló yẹ kí àwọn náà máa lò. Má bá mi jà, bàbá kì í dá oògùn lò kí ebi oògùn máa pa àwọn tirẹ̀. Bí o bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ní àárọ̀, máa kí wọn. Má bá wọn sọ èdè òyìnbó. Pè wọ́n ní Àkànmú, ọkàn wọn á balẹ̀. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá sì pè mí, má jẹ́ kí wọ́n sin mí kí o tó dé, kí o kó gbogbo wọn wá, kí a lè lọ pa pọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé ó kù nínú wọn? Má parọ́ fún mi bí o ṣe máa ń parọ́ nípa oúnjẹ tí o jẹ. Àwọn tó kù nínú àwo ńkọ́? Àwọn tó kù nínú orí mi ńkọ́, ṣé wọ́n pọ̀? Bí ènìyàn bá ti gbé nǹkan ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ṣé ó ti pẹ́ jù? Mo bi ìyá rẹ, ó ní kí n jẹun. Mo bi Àfáà, wọ́n ní kí n sinmi. Ìwọ nìkan ni o ti fojú rí wọn, ìwọ ni mo ń bi. Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàkẹ́.

Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n yìí sí ọ lórí kò ní gbà á. Ọwọ́ rẹ tó ń tọ́jú mi nínú àwo kò ní gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ kò ní lẹ̀ mọ́ ọ̀nà níbi tí ire bá ti ń dúró dè ọ́. Ohun tí ẹ ń wá nínú gíláàsì yẹn, ẹ ó rí i, ojú tèmi náà yóò sì bá yín rí i. Ẹni tó bá da omi síwájú a máa tẹ ilẹ̀ tútù, tútù ni wàá máa tẹ̀. Mo ń pe àdúrà yìí sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́, ìyá rẹ sì ṣe àmín láti ibi tó jókòó sí, ó gbọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì Àkànmú.

Mo tún rántí. Bí lẹ́tà ìparí yìí bá kéré ju ohun tí ojú lè kà lọ, má jù ú nù. Gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo àwọn tó wà nínú gíláàsì. Fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Èmi ni mo wà níbẹ̀.